Bùkọ́lá Kì í Kàwé Sí Mi Létí Mọ́

Ọjọ́bọ̀, Ìyànà Ìbà. Ọmọ ti sùn.

Olùkọ́ yunifásítì lé Bùkọ́lá àbúrò mi jáde ní kíláàsì lónìí. Wọ́n ní kó fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé iṣẹ́ tó kọ, ó dúró bí ẹni tó gbómi sẹ́nu. AI orí fóònù ló bá a kọ ọ́. Bí kò bá lè ṣàlàyé ẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, òdo ni wọ́n máa fún un. Ẹ̀rù ń bà mí.

Kì í ṣe ọ̀lẹ. Kò rí yàrá nínú ọgbà iléèwé, ló fi ń gbé lọ́dọ̀ mi. Kíláàsì wọn kún débi pé ẹ̀yìn fèrèsé ló ti ń gbọ́rọ̀.

Nígbà tó kọ́kọ́ dé, bí mo bá ń fún Tómi lọ́mú, á máa kàwé sí mi létí, èmi á máa bi í ní ìbéèrè òpè, a ó jọ máa rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí bàbá Tómi ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, Bùkọ́lá nìkan ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Lálẹ́ yìí, mo ní fún un pé, "Wá ṣàlàyé ẹ̀ fún mi bíi ti tẹ́lẹ̀."

"Àǹtí mi, kò lè yé yín."

Mo lọ ká aṣọ ọmọ. Nígbà tí mo padà wọlé, ó ti kẹ̀yìn sílẹ̀kùn, ó ń sọ fún fóònù pé, "Ṣàlàyé ẹ̀ bíi pé ẹni tí kò dé yunifásítì lò ń bá sọ̀rọ̀."

Fóònù ń ṣàlàyé. Ìbéèrè kan wá sí mi lẹ́nu, mo gbé e mì.