Búrẹ́dì Tí Wọ́n Kùn Bo Ọwọ́

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 oṣù Kẹrin

Dafne ọmọ mi tún húkọ́ mọ́jú. Mo gbé etí lé e láyà títí ilẹ̀ fi mọ́. Màmá ní ikọ́ ọmọdé lásán ni, pé èmi ni mo ń fi àníyàn pa ara mi. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Níbi iṣẹ́ — ilé àwòrán ìlú, yàrá mẹ́ta, àga kan, èmi ni mo ń ṣọ́ wọn — Signora Orsolini, obìnrin tó ń tún àwòrán ṣe, ti gbé àwòrán tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ìsàmì Méjì sọ̀kalẹ̀ lára ògiri. Ó ń fi òwú nu ìdọ̀tí kúrò lára rẹ̀. Ọkùnrin méjì tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, búrẹ́dì roboto láàárín wọn. Búrẹ́dì yẹn ló fà á tí bàbá àgbà ọmọ fi ń gbé búrẹ́dì lọ sílé ẹni tí yóò ṣe bàbá ìsàmì ní apá Ítálì tiwa níhìn-ín. Á jókòó, òun àti ará ilé á jọ jẹ ẹ́. Láìjẹ búrẹ́dì, kò tíì bẹ ẹnikẹ́ni.

Òpin oṣù yìí ni ìsàmì Dafne. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Lapo, ni mo fẹ́ kó ṣe bàbá ìsàmì rẹ̀. Bàbá gbà. Kò mọ ohun tó gbà.

Ọjọ́bọ̀, 11 oṣù Kẹrin

Mo pe Lapo. Mo rò pé á ní kí Bàbá wá bá òun nílé kọfí ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin bíi ti àtẹ̀yìnwá.

“Rárá o, Ornella. Ilé ni kó wá.”

Mo ní, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fìyà jẹ mí.

“Látìgbà tí mo ti kó wá sí Ancona, bí ẹni ń ra mọ́tò àlòkù ni mo ṣe ń pàdé bàbá mi. Ó ti sú mi. Corrado ló máa ṣílẹ̀kùn fún un. Tí kò bá lè bá a jẹ búrẹ́dì, ẹ wá ẹlòmíì.”

Òun àti ọkùnrin yẹn ni wọ́n jọ ń gbé; ibùsùn kan ṣoṣo ló wà nínú ilé yẹn. Mo ti dé ibẹ̀. Màmá náà ti dé ibẹ̀, òun ló rán aṣọ tí wọ́n fi ń bo ibùsùn náà. Ó sọ fún Bàbá pé ti ọjà ṣọ́ọ̀ṣì ni.

Mi ò fẹ́ ẹlòmíì.

Ọjọ́ Ẹtì, 12 oṣù Kẹrin

Búrẹ́dì inú àwòrán ń kúrò.

Signora pè mí, “Ìwọ ọmọ yìí, wá wo nǹkan.” Ọwọ́ méjì ló wà lábẹ́ búrẹ́dì. Ìka wọnú ìka. Àtàǹpàkò ọ̀kan wà lórí ọrùn-ọwọ́ èkejì, bí Sandro ọkọ mi ṣe máa ń di tèmi mú tó bá ti ibi iṣẹ́ awakọ̀ ní Jámánì dé, tó sùn lọ. Signora ní ọ̀dà búrẹ́dì yẹn kò pẹ́ tó ìyókù rárá. Ẹlòmíì ló wá kùn ún lé e lẹ́yìn tí ayàwòrán àtàwọn tó yà ti kú.

Mo bi í, kí nìdí?

“Ó jọ pé ọwọ́ yẹn ń dí ẹnì kan lọ́wọ́ láti gbàdúrà.”

Ìyẹn ni pé gbogbo búrẹ́dì tí ìlú wa ti gbé kiri —. Mi ò tíì lè rò ó dópin.

Olórí ilé àwòrán wa, Ọ̀gá Rọra (èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn, kò ní ọ̀rọ̀ míì lẹ́nu) ní a ò gbọdọ̀ sọ ọ́ síta.

Ọjọ́ Àìkú, 14 oṣù Kẹrin

Gbogbo ìlú ti gbọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì lónìí, kò sẹ́ni tó wo àlùfáà; ọ̀rọ̀ ọwọ́ yẹn ni wọ́n ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 oṣù Kẹrin

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wá láti Bologna. Ohun tí wọn yóò kọ sábẹ́ àwòrán ni òun àti Signora jiyàn lé lórí. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní láyé ìgbà yẹn, ọ̀rẹ́ ń di ọ̀rẹ́ lọ́wọ́ mú, kò sóhun tó wà níbẹ̀. Pé kò dáa kí á fi ọ̀rọ̀ òde òní pe àwọn ará àtijọ́.

Signora ní, “Ọkùnrin àti obìnrin inú àwòrán yàrá kejì ńkọ́? Wọ́n di ọwọ́ mú, ẹ kọ ‘tọkọtaya’ sábẹ́ wọn. Ta ló fi ìwé ìgbéyàwó wọn hàn yín?”

Ọ̀gá Rọra ní kí wọ́n rọra.

Ọ̀jọ̀gbọ́n náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó jókòó, ó ní òun ò mọ̀, pé òtítọ́ ni kéèyàn sọ pé òun ò mọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Àmọ́ tó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ lásán ni, kí ló dé tí ẹnì kan fi kun búrẹ́dì bò ó? Mo fẹ́ bi í. Mo gbé e mì. Wọn ò tíì gbà mí síṣẹ́ pátápátá, wọ́n lè lé mi.

Ọjọ́rú, 17 oṣù Kẹrin

Ubaldo onígbàjámọ̀ kígbe pe Bàbá láàárín èrò, “Ruggero, tí o bá gbé búrẹ́dì tìẹ lọ, ṣé ẹ máa di ọwọ́ mú?” Bàbá ní òun bá wọn rẹ́rìn-ín. Kò jẹun alẹ́.

Ó ní òun ò gbé búrẹ́dì kankan lọ síbì kankan mọ́, wọ́n ti sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́. Kí àlùfáà wá bàbá ìsàmì fún ọmọ náà.

Ẹnu mi ṣí fúnra rẹ̀. Mo ní Lapo ti ń retí yín. Ó ní ilé òun ni kí ẹ wá.

“Ilé wo? Ṣebí akẹ́kọ̀ọ́ kan ló gbà á sí yàrá.”

 Màmá ń fọ abọ́ tó ti mọ́. Bàbá wò ó, ó wò mí, ó dìde.

 Dafne fa ọmú, ó fi sílẹ̀, ó sunkún.

Ọjọ́ Ẹtì, 19 oṣù Kẹrin

Bàbá wá sí ilé àwòrán. Ẹ̀wù iṣẹ́ ló wọ̀, eruku òkúta lára rẹ̀. Ó tẹ̀ sún mọ́ àwòrán náà, ó wo eteetí rẹ̀ bó ṣe ń wo òkúta kó tó gé e.

Ó bi Signora, “Ẹni tó kun búrẹ́dì yìí, ṣé ó mọṣẹ́?”

“Ó mọṣẹ́ gan-an, sà.”

“Ó ṣe wàhálà púpọ̀ láti bò ó o.”

 Lẹ́yìn náà, láì wo ojú mi: “Èmi nìkan ni mi ò mọ̀ nílé?”

Mo ní, bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.

Ó dé fìlà, ó lọ.

Mi ò mọ̀ bóyá mo ti ba ayé Lapo jẹ́. Ọ̀rọ̀ tèmi kọ́ ni mo sọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 oṣù Kẹrin

Mo jí, kò sí Bàbá nílé. Màmá ní ó gbé búrẹ́dì, ó wọ bọ́ọ̀sì Ancona.

Mo pe Lapo, pe Lapo. Ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọsibítù, kò tan fóònù. Corrado nìkan ló wà nílé, kò sì mọ ẹni tó ń bọ̀. Mi ò ní nọ́ńbà rẹ̀. Mo gbé Dafne sẹ́yìn, mo ń rìn láti fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà. Mo rí gbogbo nǹkan tó lè ṣẹlẹ̀, kò sí èyí tó dáa níbẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni Bàbá dé. Aṣọ tí wọ́n fi di búrẹ́dì ti ṣófo, ó wà ní kíká lábẹ́ apá rẹ̀. Màmá kò kúrò nídìí ìkòkò.

Mo bi í, “Ṣé Lapo gbà?”

“Lapo ò sí nílé.”

Ó jókòó, ó ń tú okùn bàtà rẹ̀. Ó pẹ́ lórí okùn ẹsẹ̀ kan. Mo ń gbọ́ èémí Dafne lẹ́yìn mi.

“Corrado ni mo bá.” Ó bọ́ bàtà kejì. “Ó ní àwọn méjèèjì gbà.”