Ẹ̀bẹ̀ Tí Mi Ò Ní Bẹ̀

Bọ̀dá Salman,

Mo kí yín o, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ ní Kánò. Ara ìyá wa ti ń le, orókún wọn nìkan ló ṣì ń dùn wọ́n.

Ilé iṣẹ́ wa pe olùkọ́ kan láti Òṣogbo, kó kọ́ wa pé ká má fi àbùkù ara bú ẹnikẹ́ni. Ó ní kí ẹni tí wọ́n bá ti bú rí sọ̀rọ̀. Mo ní arọ ni ọ̀gá wa ń pè mí. Olùkọ́ ò tíì kúrò l'Ẹdẹ tí àwọn ará ibi iṣẹ́ fi ní kí n lọ kúnlẹ̀ bẹ ọ̀gá, pé mo dójú ti àgbàlagbà. Èmi tí ẹsẹ̀ mi ò ṣeé ká. Ọ̀rọ̀ wọn sú mi.

Ìyá wa ní àwọn á bá mi kúnlẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè pè wọ́n, kí wọ́n má lọ. Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín níbẹ̀. Orókún tó ń dùn wọ́n yẹn ni wọ́n fẹ́ fi kúnlẹ̀ fún ẹni tó ń bú ọmọ wọn.

Àbúrò yín,
Kaosarah