Ọmọ Mi Fi Mí Wọ̀ Sí Òtẹ́ẹ̀lì

Bàbá Sanjar,

Mo ti dé Tashkent ní àlàáfíà. Òtẹ́ẹ̀lì tí ọmọ yín fi mí wọ̀ sí rẹwà gan-an. Gíláàsì ni wọ́n fi ṣe ògiri balùwẹ̀, bí ẹni pé ìhòòhò wa ni wọ́n ń tà. Bẹ́ẹ̀ ni, òtẹ́ẹ̀lì! Láti ojú fèrèsé ni mo ti ń wo òrùlé ilé rẹ̀. Inú ò bí mi o.

Ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó mi ń fẹ́ ìsinmi. Ẹ sáà gbádùn ara yín."

Mo ní, "Ṣé àlejò ni mí? Ta ló máa wẹ ọmọ tuntun?"

Ó ní nọ́ọ̀sì wà. Nọ́ọ̀sì! Ṣé nọ́ọ̀sì ló wẹ òun ní jòjòló?

Búrẹ́dì tí ọmọ yín gé jẹ lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ tó kúrò nílé, tí a so kọ́ sára ògiri pé yóò padà wá jẹ ìyókù, ẹ já a wálẹ̀. Ẹ rẹ ẹ́ sómi fún àwọn adìẹ.

Ẹ bá mi kí Mohira, aládùúgbò wa. Tó bá bèèrè mi, ẹ ní ilé ọmọ mi ni mo wà, ọmọ-ọmọ wa ń sùn láyà mi.

Èmi ni,
Hamida yín.