Ẹ̀gún Àrọ̀ àti Ẹsẹ̀ Òsì Mi

Bàbá mi ọ̀wọ́n, apẹja Ẹ̀pẹ́,

Ọmọ yín bá ọ̀nì jà ní etí omi Ipakodo. Ọ̀nì ńlá! Ó gbé ẹsẹ̀ òsì mi lọ, èmi náà yọ eyín rẹ̀ mẹ́ta. Ohun tí mò ń sọ fún àwọn tó bá bi mí nìyẹn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àrọ̀ ni, Bàbá. Àrọ̀ kékeré kan tí Sìdí, àbígbẹ̀yìn mi, rà fún ọbẹ̀ ló já bọ́ láti inú abọ́, tó fi ẹ̀gún gún mi lẹ́sẹ̀.

Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń ṣe tí àrọ̀ bá gún yín? Ẹ ó gbé epo pupa kaná, ẹ ó kán an sójú ibẹ̀ ní gbígbóná, ẹ ó bú ìyá ẹja náà, ẹ ó sì padà sínú ọkọ̀ ojú omi yín. Bí mo ṣe ṣe gan-an nìyẹn. Mo tilẹ̀ bú bàbá ẹja mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ò lo irú oògùn làkúrègbé tí mò ń lò. Ó jẹ́ kí ìka mi lè di bọ́tìnnì, àmọ́ ó ń dín agbára tí ara fi ń bá kòkòrò àrùn jà kù. Dókítà ti kìlọ̀: egbò tó wù kó kéré, kí n tètè wá. Mo bi í bóyá kí n wá tí ẹ̀fọn bá jẹ mí. Àwọn nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kẹta, ẹsẹ̀ wú, ó pọ́n. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó dúdú, ó ń rùn. Ní ọsibítù, wọ́n gé ẹran tó ti jẹrà kúrò títí eegun fi hàn. Nígbà tí kò dáwọ́ dúró, wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lábẹ́ orúnkún. Ta ni kí n bínú sí? Ṣé epo yín ni?

Àwọn ẹ̀gbọ́n Sìdí dé láti Ìkòròdú, wọ́n bú ọmọ náà lójú gbogbo wọ́ọ̀dù.

“Ìwọ lo wà lọ́dọ̀ Bàbá wa! Ṣé ojú ẹ fọ́ ni?”

Sìdí ń nu òógùn lójú mi. Èmi di ojú, mo ṣe bí ẹni tó ń sùn. Oṣù mẹ́rin rèé, wọn ò kí i, mi ò sì tíì la ẹnu mi sọ òótọ́ fún wọn.

Sìdí rí ẹsẹ̀ náà, Bàbá. Lọ́jọ́ kẹta ló ti ní ká lọ sí ọsibítù. Mo ní mo ti lọ láàárọ̀, pé wọ́n ti gún mi lábẹ́rẹ́. Mi ò lọ. Ìdí ọpọ́n ayò ni mo wà.

Èmi àkọ́bí yín, tí àárò yín ń sọ.