Ẹni Tó Kọ́lé fún Omi Òjò: Ẹnjiníà Ẹkúndayọ̀ Adékọ̀yà (1941–2008)

Àgọ́-Ìwòyè ni wọ́n ti bí Daddy wa, Ẹnjiníà Ẹkúndayọ̀ Adékọ̀yà, lọ́dún 1941, sínú ìdílé Olóògbé Josiah Adékọ̀yà, káfíńtà, àti Abigail aya rẹ̀. Wọ́n kàwé nílùú wọn, wọ́n sì kọ́ṣẹ́ ẹnjiníà ní Yábàá. Ní 1969, wọ́n gbé Mummy wa, Catherine, níyàwó. Kétu ni wọ́n ti tọ́ wa dàgbà.

Iṣẹ́ ọ̀nà àti gọ́tà ni Daddy fi sin ìjọba títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní 2001. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da kọnkéré láìjẹ́ pé Daddy ti béèrè ibi tí omi máa gbà. Wọ́n ń bi wá bẹ́ẹ̀ nílé náà títí ó fi sú wa.

Lọ́dọọdún, omi òjò láti pápá ìṣeré Ìkòsí ládùúgbò wa máa ń ya wọ ilé àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní 2004, Daddy ṣáájú àdúgbò láti gbẹ́ àbàtà sẹ́yìn ìjókòó òǹwòran. Wọ́n gbin eèsún àti koríko odò síbẹ̀, kí omi lè dúró, kí ilẹ̀ máa fà á mu díẹ̀díẹ̀. Àwọn kan ní Daddy ń sin ẹ̀fọn. Daddy kó ẹja sínú rẹ̀, ẹja sì ń jẹ ìdin ẹ̀fọn.

Lọ́dún kejì, Daddy lọ sílé ní Àgọ́-Ìwòyè. Nígbà tó di Sátidé ìmọ́tótó, Mummy kó àwọn ọ̀dọ́ jọ láti fi tún ibẹ̀ ṣe, kí inú Daddy lè dùn. Wọ́n gé gbogbo eèsún náà, wọ́n hú gbòǹgbò rẹ̀, wọ́n gbá ibẹ̀ tónítóní. Òjò tó tẹ̀ lé e wọ yàrá Alhaja Ajarat, tó ń gbé lẹ́yìn pápá, dé orí bẹ́ẹ̀dì. Daddy dé, wọ́n wo ibẹ̀ títí, wọ́n ní: “Mummy Ọpẹ́, ẹ try. Ó mọ́ gan-an. Ṣùgbọ́n ilé omi lẹ wó yẹn, òun náà sì ti wá wọlé èèyàn.”

Wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà. Àwọn ọ̀dọ́ kan náà ni wọ́n kó padà síbẹ̀, Alhaja ló sì gbin eèsún àkọ́kọ́. Látìgbà náà, omi pápá kò wọlé ẹnikẹ́ni mọ́. Ní 2007, òjò ńlá rọ̀ láàárọ̀, wọ́n sì gbá bọ́ọ̀lù àṣekágbá lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Daddy kọ̀yìn sí bọ́ọ̀lù, wọ́n ń wo àbàtà wọn. Inú wa dùn sí wọn lọ́jọ́ náà ju bí a ti lè sọ lọ.

Daddy sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹfà, 2008. Wọ́n fi Mummy sílẹ̀ sáyé, àti àwọn ọmọ: Ọpẹ́, Olúwafúnmilọ́lá àti Jeffrey, àwọn ọmọ-ọmọ: Lará, Richard àti Jessica.

Ẹ̀yin èèyàn wa, a mọ̀ọ́mọ̀ yan pápá yìí fún ìdágbére nínú oṣù Keje ni. Bí òjò bá dé, ẹ má sá. Ẹ wo ibi tí omi ń gbà.

Ẹ sùn re o, Daddy. Ilé gbogbo wa gbẹ.