Oògùn Ìyá Adum ní Lọ́ńdọ̀nù

Àlàmísì, 3 Sẹ́ńtẹ́ńbà 1998
Èsì dé. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ìyá Adum — àbúrò bàbá mi, òun ló tọ́ mi, aṣọ ló ń tà lọ́jà Adum níbí — kò fa sìgá rí. Dókítà Kosɛ ní iṣẹ́ abẹ ò ṣeé ṣe mọ́. (Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. “Kosɛ,” ẹ pẹ̀lẹ́ lédè ibí, ló fi ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀.) Ìyá bi í bóyá òun ṣì lè jẹ ata.

Àìkú, 6 Sẹ́ńtẹ́ńbà
Bákàrè ọmọ Ìyá tẹ̀ wá láago láti Lọ́ńdọ̀nù. Nọ́ọ̀sì ni. Wọ́n ń dán oògùn jẹjẹrẹ tuntun wò níbi iṣẹ́ rẹ̀. Oníhóró ni, gbígbé mì. Kí Ìyá máa bọ̀.

Àtìní, 7 Sẹ́ńtẹ́ńbà
Ìyá ní kí n ṣàlàyé oògùn náà, ṣebí ohun tí mò ń kọ́ ní yunifásítì nìyẹn. Mo ní: sẹ́ẹ̀lì ara wa ní ilẹ̀kùn. Àṣẹ a máa gba ibẹ̀ wọlé — pín sí méjì. Bó bá yá, àṣẹ a dákẹ́. Ti jẹjẹrẹ kì í dákẹ́. Oògùn yìí ló ń dí ẹnu ọ̀nà.
Ó ní bíi máígàdí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
Ó ní máígàdí wo ni kì í sùn?


Sátidé, 19 Sẹ́ńtẹ́ńbà
Físà jáde. Ìyá di ṣìtọ̀, ata díndín, sínú báàgì. Kò di aṣọ òtútù kankan.

Jímọ̀, 9 Òkítóbà
Ìyá ti ń lo oògùn ní Lọ́ńdọ̀nù. Irorẹ́ sú sí i lójú bíi ti ọmọge, Bákàrè ló wí.

Àìkú, 15 Nòfẹ́ńbà
Jẹjẹrẹ ti sún kì! Bákàrè ń sunkún lórí fóònù. Ìyá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun gun àtẹ̀gùn ilé náà dókè láìsinmi. Ó ní kò sí nǹkan kan lókè.

Àlàrùbá, 18 Nòfẹ́ńbà
Mo bi Dókítà Kosɛ bóyá Ìyá lè kó oògùn náà bọ̀ wálé. “Kosɛ.” Oògùn ìdánwò ni, wọn kì í kó o kúrò níbẹ̀. Bó bá sì dá a dúró, àfàìmọ̀ kí jẹjẹrẹ má padà.

Àìkú, 22 Nòfẹ́ńbà
Ìyá fúnra rẹ̀ ló pè. Kò wúkọ́ rárá. Ó ní bí òun bá wálé, a ó sin òun. Bí òun bá dúró, a ò ní rí òun mọ́. “Ràzíátù, ìwọ lo kàwé. Èwo ni?”
Mo ní ẹ dúró, Ìyá.
Ó ní ó dáa. Kí n pín aṣọ òun fún ẹbí.
Mo kó wọn kalẹ̀ sí pálọ̀. Sàbírátù tó ń gbé yàrá kejì wọlé, ó rí wọn, ó ká ọwọ́ lérí: ìgbà wo ló kú?
Mo ní kò kú. Ara rẹ̀ ti ń yá ni.
Kò gbà mí gbọ́. Ó jókòó tì mí. A jọ sunkún.