Ìdánwò tí Wọ́n Ṣe fún Inú Mi

Hikmat ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Láńrewájú ọkọ rẹ, mo kí Ayọ̀dàmọ́lá ọmọ tuntun tí mi ò tíì fojú rí. Àlàáfíà kò ní jìnnà sí ilé yín, Èkó kò ní gbé yín mì. Ara ìyá rẹ le. Àgbàdo wa l'Ójòkú ti ń yọmọ, ọ̀bọ ni kò jẹ́ ká gbádùn.

Hikmat, ojú mi rí nǹkan lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnu tí mo là n kò tíì lè pa á dé. Inú kan ló ń run mí láti ọdún méjì, n kò sọ fún ọ. Bí ìgbẹ́ kò bá gbẹ, á ṣàn bí omi. Ìyá rẹ ló wọ́ mi lọ sí ọsibítù. Mo ti ń múra sílẹ̀ fún abẹ́rẹ́, àfi bí nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Àyànfẹ́ ṣe gbé bébà àti báírò lé mi lọ́wọ́, ó ní ìbéèrè márùn-ún ni, kí n fi máàkì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti oódo dé ọgọ́rùn-ún. Báwo ni inú ṣe ń run mí tó? Ọjọ́ mélòó nínú mẹ́wàá? Báwo ló ṣe ń wú tó? Ṣé ìgbẹ́ tí mò ń yà tẹ́ mi lọ́rùn? Èmi bàbá arúgbó! Mo gbójú sókè kí ojú má baà tì mí, àwòrán ìgbẹ́ ni mo bá lára ògiri, oríṣi méje, pẹ̀lú nọ́ńbà. Aúsù bílláì! Mo bi í pé ta ló jókòó ya èyí, ó ní àwọn dókítà ni.

Mo sọ lọ́kàn mi pé ìdánwò nìyí, wọn ò ní tọ́jú ẹni tó bá fìdí rẹmi. Mo bá fún ara mi ní ọgọ́rùn-ún nínú ohun gbogbo, ó di ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta gééré, mo sì juwọ́ sí ìyá rẹ pé mo ti yege. Kíá ni Dókítà Oyètúndé sáré jáde, ó dì mí mú bí ẹyin, ó ní báwo ni mo ṣe rìn débẹ̀. Mo ní ẹsẹ̀ ni. Ó wá ṣàlàyé pé bí máàkì bá ṣe pọ̀ tó ni àìsàn ṣe le tó, ó ní kí n tún un ṣe, kí n sọ òótọ́.

À ń bá a lọ dáadáa títí a fi kan ìbéèrè karùn-ún, pé báwo ni àìsàn yìí ṣe ń da ìgbésí ayé mi rú tó. Hikmat, mo gbé báírò sílẹ̀, mo rántí irọ́ tí mo pa fún ọ.

Lọ́jọ́ tí ìsọmọlórúkọ yín ku ọ̀la, mo wọ agbádá funfun, èmi àti ìyá rẹ gun kẹ̀kẹ́ dé gáréèjì, a ti jókòó sínú bọ́ọ̀sì. Bí dírẹ́bà ṣe ní òun ò ní dúró àfi n'Ìbàdàn ni inú mi dìde. Mo ro ibi tí mo máa sá sí lójú títì, èmi bàbá ìyàwó, mo sọ̀ kalẹ̀. Mo ní kí ìyá rẹ sọ pé ìpàdé mọ́ṣáláṣí ló dá mi dúró. Nígbà tí o wá ń sunkún lórí fóònù pé mo kọ̀ yín torí pé ọkọ rẹ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìtìjú ò jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ. Láńrewájú ò ṣẹ̀ mí rárá. Ìgbẹ́ ni.

Ọgọ́rin ni mo kọ síbẹ̀. Àròpọ̀ rẹ̀ lé ní ọ̀ọ́dúnrún, dókítà ní ó le. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé wọ́n ti yẹ inú mi wò, wọn ò rí egbò kankan, síbẹ̀ ó ní òótọ́ ni àìsàn náà, pé n kò purọ́, àti pé kò ní pa mí. Ó fún mi ní oògùn, ó ní kí n dín ata kù, kí n padà wá lóṣù tó ń bọ̀.

Bí nǹkan bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún oògùn. Bí kò bá sí, ṣáà pè mí. Mo fẹ́ wá gbé ọmọ náà. Jọ̀wọ́ sọ fún mi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yín, ṣé inú ilé ló wà? Ṣé ó jìnnà sí pálọ̀?

Ọlọ́run á wo ọmọ náà dàgbà. Inú yín ò ní bàjẹ́ láé. Àmín.

Èmi bàbá rẹ,
Abdulganiyu